Antẹ́nà, díṣì tàbí dátà: èwo ló yẹ ará Ìkòròdú tó fẹ́ wo HD láìsan owó oṣù?

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, Màámi pè mí sí pálọ̀. Sọ́bù, ìyẹn owó oṣù tẹlifíṣọ̀n, ti tán láti àná, ojú tẹlifíṣọ̀n dúdú kirikiri, àfi lẹ́tà òyìnbó kékeré tó ń pàṣẹ pé ká lọ sanwó. Wọ́n ní, “Ṣé owó oṣù la fi ń gbọ́ ìròyìn báyìí ni? Nígbà tí bàbá rẹ wà láyé, ọparun kan ṣoṣo tó ru antẹ́nà la rì mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé. Ta la sanwó fún?” Mi ò rí èsì fọ̀. Oṣooṣù ni mo ń sanwó ìkànnì tí mi ò lè kà tán, bẹ́ẹ̀ márùn-ún péré là ń wò nílé.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń gun òrùlé. Mo ti ra ohun tí kò yẹ kí n rà, mo ti fi ilé ẹbí àti ti aládùúgbò dán nǹkan wò, títí tí Ìyá Ìbejì tó wà nísàlẹ̀ fi sọ mí ní Bàbá Onídíṣì. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà fún ẹni tó bá fẹ́ wo tẹlifíṣọ̀n tó mọ́ kedere láìsan owó oṣù fún iléeṣẹ́ kankan: antẹ́nà orí òpó, díṣì tó ń gba ìkànnì ọ̀fẹ́ láti ojú ọ̀run, àti íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀nà kẹrin tún wà tí wọ́n ń tà lábẹ́ aṣọ. Màá dé ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ HD yìí palẹ̀, torí òun làwọn ọlọ́jà fi ń mú wa. Àwòrán SD tí a mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ní ìlà 576 láti òkè dé ìsàlẹ̀. HD bẹ̀rẹ̀ láti ìlà 720, èyí tó kún rẹ́rẹ́ sì jẹ́ 1080. Kí tẹlifíṣọ̀n yín tó lè gbé HD jáde, iléeṣẹ́ tó ń ṣe ètò náà gbọ́dọ̀ ti fi HD ránṣẹ́. Bó bá jẹ́ SD ni wọ́n fi ránṣẹ́, kò sí dikódà tàbí wáyà HDMI olówó gọbọi tó lè sọ ọ́ di nǹkan mìíràn. Ìkànnì ọ̀fẹ́ wa tó ṣì wà ní SD kò sì kéré. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá na páálí tí wọ́n kọ HD gàdàgbà sí lára sí yín, ẹ ní kó tan án lójú yín, kó fi ìkànnì tó jẹ́ HD nínú rẹ̀ hàn yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Ká sòótọ́, SD orí ètò dígítà pàápàá mọ́ ju ti ayé ọparun lọ fíìfíì. Lórí tẹlifíṣọ̀n ínṣì 32 tó wà ní yàrá Màámi, wọn ò mọ̀yàtọ̀. Lórí ti pálọ̀ tó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, èmi mọ̀ ọ́n.

Ohun tí mo fi wọ̀n wọ́n

Owó ló ṣáájú, àmọ́ oríṣi owó méjì ló wà: èyí tẹ́ ẹ máa ná lẹ́ẹ̀kan, àti èyí tí yóò máa yọ́ owó yín jẹ lẹ́yìn náà. Antẹ́nà àti díṣì máa ń gbowó lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n á sì dákẹ́. Dátà kì í bèèrè nǹkan lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àmọ́ kì í dákẹ́ láéláé. (Ẹni tó bá fẹ́ tọ ọ̀rọ̀ ọ̀fẹ́ yìí dé gbòǹgbò lè rántí pé ìwé òfin ọdún 1999 fún ìjọba ìbílẹ̀ láṣẹ láti gba owó láísẹ́ǹsì rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Mi ò tíì rí ẹni tó wá kanlẹ̀kùn mi nítorí rẹ̀, ẹ má sì rán wọn létí.)

Lẹ́yìn owó, ibi tí ilé yín wà. Ìkòròdú kì í ṣe ojú kan. Ẹni tó ń gbé Òwútù tàbí Agric kò sí ní ipò kan náà pẹ̀lú ẹni tó wà ní Ìmọ́tà tàbí tó ti ń sún mọ́ Ẹ̀pẹ́. Mo tún wo òjò àti atẹ́gùn, torí nǹkan tó ń ṣiṣẹ́ ní oṣù Kejì lè dákẹ́ ní oṣù Kẹfà.

Iná náà ńkọ́? Ẹ̀gbín, iléeṣẹ́ amúnáwá tí wọ́n kọ́ láti pèsè mẹ́gáwáàtì 1,320, wà lọ́nà Ìjẹ̀dẹ̀ níbí. Òpó gàgàrà tó ń ru wáyà rẹ̀ ń kọjá lórí wa lọ bọ́ ará ibòmíràn, síbẹ̀ kò sí ẹni tó ń gbé àdúgbò wa tí kò lè fi ìró nìkan mọ jẹnẹrétọ̀ ilé kan yàtọ̀ sí ti èkejì. Lórí èyí, antẹ́nà àti díṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba: tẹlifíṣọ̀n LED ínṣì 32 pẹ̀lú dikódà kì í sábà jẹ ju gílóòbù wáàtì 60 àtijọ́ kan lọ, sólà kékeré lè gbé e.

Èyí tó ju gbogbo wọn lọ lójú tèmi ni ẹni tó máa di rìmóòtù mú. Màámi lè tẹ nọ́ńbà ìkànnì láìwò ó. Ẹ ní kí wọ́n wá nǹkan nínú YouTube, wọ́n á gbé rìmóòtù náà fún ọmọ-ọmọ wọn, ọmọ-ọmọ á sì bọ́ sí àwòrán ẹ̀fẹ̀, ìròyìn tán nìyẹn.

Antẹ́nà orí òpó

Ọparun bàbá mi tó wọ aṣọ tuntun ni. Ètò tó ń lò lórúkọ ń jẹ́ DVB-T2. Orí ilẹ̀ ló ń gbà wá, láti orí òpó gíga, lórí ìgbì UHF. Láyé àtijọ́, ìkànnì kan ló ń gba ìgbì kan. Nínú ètò tuntun yìí, ìkànnì púpọ̀ lè jọ wọ ìgbì kan ṣoṣo bí èrò inú dánfó. Ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà ọdún 2015 làwọn orílẹ̀-èdè ti fẹnu kò pé kí ìyípadà náà parí. Ó kọjá lórí wa. Jos la ti bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin ọdún 2016, ó sì di ọjọ́ 29 oṣù Kẹrin ọdún 2021 kí wọ́n tó ṣí i nípìnlẹ̀ Èkó. FreeTV lorúkọ tí wọ́n fún ètò ọ̀fẹ́ náà. Ẹ ó ra dikódà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò sí owó oṣù. Kẹ́ ẹ ṣáà bi ẹni tó ń tà á léèrè bóyá owó kankan wà tí wọ́n fi ń ṣí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Kẹ́ ẹ tó ra dikódà, ẹ yẹ ìwé tó bá tẹlifíṣọ̀n yín wá wò. Ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ tuntun ti ní DVB-T2 nínú. Bí tiyín bá ní in, ẹ yá antẹ́nà aládùúgbò, ẹ so ó mọ́ ọn ní tààrà, kẹ́ ẹ ní kó wá ìkànnì. Kò ná yín ní kọ́bọ̀. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí iye tó bá kó jọ tàn yín jẹ. GOtv àti StarTimes náà ń gba orí ilẹ̀ wá lórí DVB-T2 yìí kan náà, wọ́n kàn fi kọ́kọ́rọ́ tì í ni. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wá ìkànnì nílé wa, orúkọ ń tò wálẹ̀ gbuurugbu bí orúkọ àwọn tó yege ìdánwò, mo ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo tẹ àkọ́kọ́: Scrambled. Mo tẹ èkejì: Scrambled. Mo tẹ bíi mẹ́wàá. Ìyàwó mi wò mí títí, ó ní, “Bàbá Tọ́lá, ṣé Scrambled lorúkọ iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n náà ni?” Èyí tó bá ṣí nínú wọn ni tiyín.

Ibo ni kẹ́ ẹ kọjú ẹ̀ sí? LTV wà ní Agídíńgbí, TVC wà ní Ìkòsì-Kétu, NTA wà ní Victoria Island. Láti Ìkòròdú, apá ìwọ̀-oòrùn títí dé gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni gbogbo wọn. Òótọ́ ni pé nínú ètò dígítà, òpó àjọlò ló ń gbé ìkànnì jáde, kì í ṣe òpó iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, síbẹ̀ apá ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ wá máa yí i díẹ̀díẹ̀. Ẹ má fi antẹ́nà GOtv aládùúgbò ṣe atọ́nà, òpó tí ìyẹn ń wò lè yàtọ̀ sí tiyín. Láti àárín ìlú wa sí Ìkẹjà, bí a bá fa okùn gbọọrọ, kò pé kìlómítà 20. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mile 12 ló sọ ọ́ di ìrìn-àjò. Ìgbì UHF kì í wọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ohun tó ń fẹ́ ni pé kí nǹkan má dí i lójú. Ilẹ̀ ibí tẹ́jú, nítorí náà ilé alájà mẹ́ta tó wà níwájú yín tàbí igi àgbọn ló lè jẹ́ ọ̀tá yín.

Ọjọ́ Sátidé la gbé tiwa sókè. Ọmọ tó ń bá wa ṣe iṣẹ́ iná di òpó irin mú, èmi ń yí i, ìyàwó mi wà nídìí tẹlifíṣọ̀n, Tọ́lá dúró lójú fèrèsé láti máa gbé ọ̀rọ̀ wá síta. “Ó ti dé!” Mo dúró. “Ó ti lọ!” Mo yí i padà. “Dádì, ó dé, ó dé, ó tún lọ!” Páànù ti gbóná débi tí mo ń fò lórí rẹ̀ bí ológoṣẹ́. Nígbà tí mo fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n, ààyè tó wà láàárín ibi tí àwòrán ti mọ́ kedere àti ibi tí kò ti sí nǹkankan kò fẹ̀ ju ìka mẹ́ta lọ. Bí dígítà ṣe rí nìyẹn. Ti àtijọ́ máa ń ṣe ṣààà, àwòrán á dà bíi pé iyanrìn ń dà lójú ẹ̀, ẹ ṣì lè mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Dígítà kò mọ ìyẹn ṣe. Ó mọ́ tàbí kó fọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bíi díńgí tó jábọ́, kí ohùn máa já, kó tó di pé gbogbo rẹ̀ dákẹ́.

Ẹ má fi ojú ìran nìkan yí antẹ́nà. Ẹ ṣí ibi tí tẹlifíṣọ̀n ti ń fi ìlà méjì hàn, Strength àti Quality. Strength ń sọ bí ohun tó ń wọlé ṣe lágbára tó. Quality ń sọ bóyá ohun tó wọlé wúlò. Mo ti rí Strength tó kún dé etí tí àwòrán ò sì sí. Quality ni kẹ́ ẹ máa lé.

Àṣìṣe tèmi wà lára wáyà. Mo ti ná owó lórí òpó àti antẹ́nà, mo wá lọ ra wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n dì sókè lẹ́bàá ọ̀nà, torí pé wáyà ni wáyà. Quality kò kọjá ìdajì. Mo ra búsítà kún un, ó tún burú sí i. Búsítà kì í dá ìgbì sílẹ̀: ohun tó bá bá nínú wáyà ló máa ń gbé sókè, ariwo pẹ̀lú. Bẹ́ ẹ bá tilẹ̀ máa lò ó, ìdí antẹ́nà lókè ni kó wà, kí wáyà tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ nínú ohun tó gbà. Wáyà RG6 gidi pàápàá, bó bá gùn tó mítà 20, lè gbé nǹkan bí ìdajì agbára náà mì kó tó dé ìsàlẹ̀. Ẹ wá ro ti ayédèrú. Ọjọ́ tí mo pààrọ̀ wáyà ni mo tú búsítà sílẹ̀, kò sì padà sókè mọ́.

Nígbà òjò, antẹ́nà dára ju díṣì lọ, torí òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ dí UHF. Atẹ́gùn ló ń dà á láàmú: ìjì àkọ́rọ̀ òjò yí tiwa padà bí ọrùn ẹni tí wọ́n pè láti ẹ̀yìn, àfìgbà tí mo fi ìdè irin méjì kún òpó. Bí mànàmáná bá ti ń bù yẹ̀rì, ẹ yọ wáyà náà lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n. Òpó irin tó ga ju gbogbo òrùlé lọ kì í ṣe ohun àmúṣeré, ẹ sì jẹ́ kí oníṣẹ́ iná fi wáyà so ó mọ́ ilẹ̀ (earthing) dáadáa. Antẹ́nà kékeré tí wọ́n ń gbé sórí tábìlì? Nínú ilé onípáànù tó ní irin lójú fèrèsé, ohun ọ̀ṣọ́ ni.

Gbogbo owó tí mo ná, àti ti wáyà tí mo sọ nù, kò tó ohun tí mo ń san ní oṣù mẹ́rin fún sọ́bù àtijọ́. Ohun tó sì fún wa ni ohun tí Màámi ń wá: ìròyìn ilé, ìròyìn Yorùbá, àti àwọn ètò Èkó tí wọ́n mọ̀.

Díṣì tó ń gba ìkànnì ọ̀fẹ́

Ẹ wo òrùlé àdúgbò yín. Díṣì tó ti di àkísà irin, tí ẹnikẹ́ni ò sanwó fún mọ́, kò níye. Ẹ má tà á fún àwọn tó ń ra àlòkù irin. Díṣì yẹn àti LNB, orí kékeré tó ń gba ìgbì lẹ́nu rẹ̀, ṣì lè gba ìkànnì tí wọn kò fi kọ́kọ́rọ́ tì. Ohun tó kù ni dikódà tó jẹ́ ti ìkànnì ọ̀fẹ́. Ẹ rí i pé wọ́n kọ DVB-S2 sí i lára. Èyí tó jẹ́ DVB-S lásán, tí wọ́n ń tà ní pọ́ọ́kú, kò ní ṣí ọ̀pọ̀ ìkànnì HD.

Sátẹ́láìtì wọ̀nyí wà lókè ìlà tó pín ayé sí méjì, ní nǹkan bíi kìlómítà 36,000 sí ilẹ̀, ìwọ̀n (dígírì) tí kálukú wà la sì fi ń pè é. Ìwọ̀n 36 apá ìlà-oòrùn ni DStv ti ń wá síbí. Ìwọ̀n 28.2 ni ọ̀pọ̀ ìkànnì ọ̀fẹ́ ti Gánà ti ń wá. Sátẹ́láìtì Nàìjíríà fúnra rẹ̀, NigComSat-1R tí wọ́n jù sókè ní oṣù Kejìlá ọdún 2011, wà ní ìwọ̀n 42.5. Ohun tí àwọn tó ń fi díṣì kì í sábà ṣàlàyé nìyí: láti Ìkòròdú, bẹ́ ẹ bá fẹ́ kúrò lórí 36 lọ sí 28.2, ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí díṣì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rárá. Ìwọ̀n mẹ́rin péré ni, sí ọwọ́ gúúsù. Òkè ni kẹ́ ẹ gbé ojú ẹ̀ sí, bí ìwọ̀n mẹ́sàn-án. Mo ti rí ọkùnrin kan tó fi odidi ọ̀sán yí díṣì sọ́tùn-ún sósì ní Ìtamaga, tó sì wá sọ fún onílé pé sátẹ́láìtì náà ti kú.

Kí lẹ máa rí níbẹ̀? Ìkànnì ìjọ pọ̀ bí iyanrìn, ti Mùsùlùmí náà wà, ìròyìn lédè Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Lárúbáwá, orin, àti fíìmù Gánà. Màámi wo fíìmù Twi kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin láìgbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, wọ́n sì sọ ìtàn rẹ̀ fún mi lẹ́sẹẹsẹ: ìyálé ló burú. HD tó wà níbẹ̀ pọ̀ ju ti orí antẹ́nà lọ nínú ìrírí tèmi. Àmọ́ ìròyìn ilé wa ṣọ̀wọ́n, ìkànnì sì máa ń ṣí kúrò lójú kan láìdágbére. Ẹ lè jí lọ́jọ́ kan kẹ́ ẹ má bá èyí tẹ́ ẹ fẹ́ràn mọ́, ó di kẹ́ ẹ tún wá ìkànnì láti ìbẹ̀rẹ̀.

Òjò ni àìlera rẹ̀. Ìgbì Ku tí díṣì kékeré ń gbà kì í bá òjò ńlá ṣe ọ̀rẹ́: bí ìkùukùu dúdú bá ti ṣú láti apá ìlà-oòrùn, Quality á máa wálẹ̀ kí ẹ̀kán òjò kan tó kàn yín. Yóò padà bí òjò bá dá. Díṣì tó fẹ̀ tó sẹ̀ntímítà 90 máa ń fara dà á ju ti 60 lọ, nítorí náà bẹ́ ẹ bá máa ra tuntun, ẹ má ṣahun lórí èyí.

Ibi tí díṣì ti ta antẹ́nà yọ ni ọ̀nà jíjìn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé Ẹ̀pẹ́. A gbé antẹ́nà lọ sórí ilé alájà méjì níbẹ̀, a yí i títí ọwọ́ fi ń ro wá, a ò rí ìkànnì ọ̀fẹ́ kan. Láti Ẹ̀pẹ́ sí Ìkẹjà lé ní kìlómítà 65. Bí òpó bá jìnnà tó bẹ́ẹ̀, yíyípo ilẹ̀ ayé fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í bò ó mọ́lẹ̀, àfi bí òpó mìíràn bá wà nítòsí. Àgbádárìgì náà jìnnà sí Ìkẹjà ju bí Ìkòròdú ṣe jìnnà sí i lọ dáadáa, ará ibẹ̀ ní láti dán an wò kó tó náwó sí i. Díṣì kò mọ̀yàtọ̀ láàárín Ẹ̀pẹ́, Àgbádárìgì àti Ìkòròdú. Ojú ọ̀run kan náà ni. A tún díṣì àtijọ́ ẹ̀gbọ́n mi kọjú sókè, a ra dikódà, wákàtí kan kò pé.

Bẹ́ ẹ bá pe oníṣẹ́, ẹ má sanwó tán kí àwòrán tó dúró. Ẹ ní kó kọ ìwọ̀n sátẹ́láìtì àti ìgbì tó lò sórí ìwé, kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n. Nígbà mìíràn tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ẹ̀yin fúnra yín lè tún un wá.

Íntánẹ́ẹ̀tì

Channels, TVC News àti Arise News ń gbé ètò wọn jáde tààrà lórí YouTube lọ́fẹ̀ẹ́. Bí nẹ́tíwọ́kì bá dára, àwòrán ibẹ̀ lè mọ́ ju ti òpó lọ. Kò sí òrùlé, kò sí wáyà, kò sí “ó ti dé, ó ti lọ”.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣírò. HD onílà 720 máa ń jẹ bíi gígábáìtì kan sí méjì ní wákàtí kan. Bẹ́ ẹ bá ń wò ó fún wákàtí méjì lálaalẹ́, ó di gígábáìtì 60 sí 120 lóṣù. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn iléeṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀, fún wọn láṣẹ láti fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn. Ẹ fi iye tí dátà yín jẹ́ lónìí sọ ọ́ di púpọ̀ kẹ́ ẹ wá sọ fún mi bóyá ọ̀fẹ́ ni. Sọ́bù tí mo sá fún kò tó bẹ́ẹ̀. Bẹ́ ẹ bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ sí 480, ó lè dín kù sí nǹkan bí ìdajì, àmọ́ ìyẹn kì í ṣe HD mọ́.

Ó dára fún ẹni tó ti ń sanwó íntánẹ́ẹ̀tì tí kò ní òdiwọ̀n nítorí iṣẹ́. Tẹlifíṣọ̀n á kàn jẹun nínú abọ́ tó ti wà nílẹ̀. Ó sì dára fún ẹni tí onílé kò gbà kó kan ìṣó kan mọ́ òrùlé.

Àpótí abẹ́ aṣọ

Wọ́n á ní ó ń ṣí gbogbo ìkànnì olówó, bọ́ọ̀lù pẹ̀lú, fún ọdún kan gbáko. Mo rà á. Ọ̀gá tó tà á fún mi búra, ó tún fún mi ní nọ́ńbà tí n máa pè. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló ṣiṣẹ́. Mo pe nọ́ńbà náà, ọmọdé kan gbé e, ó ní dádì òun ò sí nílé. Olè jíjà ni nǹkan náà, mo mọ̀ kí n tó rà á, mi ò sì rí ẹni fi ẹjọ́ sùn. Àpótí ọ̀hún wà lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n wa di bá a ti ń sọ̀rọ̀ yìí, a fi ń gbé rédíò lé.

Ta ló yẹ kó mú èwo

Ẹ wà ní Òwútù, Agric, Ògòlóńtò, Sábó, Ìgbógbò tàbí Èbúté, àgbàlagbà sì wà nílé tó ń fẹ́ ìròyìn ilé: antẹ́nà ni. Ẹ yá ti ẹlòmíràn dán an wò ná. Wáyà ni kẹ́ ẹ náwó lé, kì í ṣe búsítà.

Ẹ wà ní Ìmọ́tà, Gbẹ́rìgbẹ̀, Ẹ̀pẹ́ tàbí ibi tí ilé gogoro dí yín lójú ní ìwọ̀-oòrùn, tàbí díṣì àtijọ́ ń jẹra lórí òrùlé yín: díṣì. Ẹni tó bá fẹ́ràn ìwàásù àti fíìmù Gánà náà, ibẹ̀ ni kó lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ àárín ìlú ló ń gbé. Bí agbára bá ká a, ẹ so méjèèjì pọ̀ bí a ti ṣe nílé wa, òjò tó bá pa díṣì kò ní pa antẹ́nà.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé yàrá kan ní Odòguǹyàn, tó lè kó ẹrù nígbàkígbà, kó má rì òpó kankan. Fóònù rẹ̀ tó o, kó máa wo ìròyìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó sì pa dátà mọ́ fún ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Ẹni tó jẹ́ pé bọ́ọ̀lù Premier League ló ń wá? Mo ti wá a lórí òpó, mo ti wá a lójú ọ̀run. Kò sí lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́nà tó bófin mu. Ní Sátidé, mo máa ń san owó ìwọlé ní ilé ìwòran tó wà lẹ́yìn ọjà, màá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, màá pariwo pẹ̀lú àwọn ọmọkùnrin àdúgbò. Bí mo bá délé, Màámi á bi mí pé, “Ṣé wọ́n ti gba owó oṣù lọ́wọ́ rẹ padà ni?” Mo máa ń sọ fún wọn pé owó ọjọ́ ni.